Okùn Tínrín Lára Gìtá Ìnjìnníà

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ń gba lẹ́tà, mo ń fi òǹtẹ̀ lù ú, mo ń jù ú sínú àpò tó yẹ. Mi ò ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ alárinà náà nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti Onígìtá délẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣì í ṣe. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní bù mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìnjìnníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ yunifásítì kankan. Rédíò, ámpù, sípíkà, ohunkóhun tó bá ti ń lo iná láti fọhùn, òun ló ń tún un ṣe. Ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Ọmọ náà mọṣẹ́ ju bàbá ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sókè. Èmi ni mo bá wọn tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá ẹ̀. Àǹtí ló ń pè mí. Oníwáyà ni mo ń pè é, torí láti kékeré ni wáyà ti máa ń wà nínú àpò aṣọ ẹ̀.

Ọjọ́ tí Onígìtá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo wà níbẹ̀, mo wá gba rédíò mi. Ọkùnrin gíga kan gbé ámpù wọlé, ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó gbé aláìsàn, ó sì tún padà síta lọ gbé báàgì kan. Pẹ́dà méje ló kó jáde nínú báàgì náà, àwọn àpótí irin kéékèèké tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Ọ̀kan ń mú kó ha, ọ̀kan ń mú kó dún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ ohun tí márùn-ún tó kù ń ṣe. Ó ní búlúùsì lòun ń kọ, orin arò àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, pé òun àti ẹgbẹ́ òun ń ṣeré ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí ohùn gìtá òun ti gbẹ, kò lẹ́ran lára mọ́, ó sì dá òun lójú pé ámpù ló bàjẹ́.

Oníwáyà tú ámpù náà. Ó yẹ àwọn gílóòbù kéékèèké inú ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ kan wáyà, ó tẹ etí mọ́ sípíkà. Ó dè é padà, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Onígìtá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

“Ẹ má bínú o,” ọmọ náà sọ. “Ọwọ́ yín ni.”

Mo rò pé ìjà máa bẹ́ sílẹ̀, mo sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbé gìtá tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò fún un, ó ní kó fi pẹ́dà sínú báàgì, kó kọ ọ́ báyẹn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa orin, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà ní ìdí gìtá lọ́hùn-ún níbi tí okùn ti le jù, ó sì ń fi ike kékeré kan gbá a bí ẹni ń pa èèrà. Oníwáyà ní kó ju ike yẹn sílẹ̀. Ó ní kó lo ẹran àtàǹpàkò, kó gbé ọwọ́ wá sápá ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara ẹ̀, kó sì dín ariwo ámpù kù kí ìka lè ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ òsì náà, tó bá ti tẹ okùn, kó má tètè sá kúrò níbẹ̀, kó fi ìka mì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Gìtá kan náà ni, ámpù kan náà ni. Èmi tí mo ti dìde pé mo fẹ́ máa lọ, mo jókòó padà.

Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó kọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà dáhùn pé àwọn tó ń gbé ámpù wá ló kọ́ òun, pé òun máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ámpù Onígìtá bàjẹ́. Ó tún bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sí ámpù tó ń ṣàìsàn tó tirẹ̀ láyé. Oníwáyà sọ fún mi pé wáyà kan náà ló máa ń já ní gbogbo ìgbà, pé ojú ìdè ẹ̀ ti bó, èèyàn sì lè rí ibi tí tọ̀núfíìsì tí wọ́n fi ń tú ìdè ti ha á. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún un pé àṣírí ẹ̀ ti tú. Ó ní tóun bá sọ ọ́, kò ní wá mọ́. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí mo nílò láti mọ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ sí i tí ọkùnrin náà fi yọ sí mi níwájú káńtà. Ó tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó na ápòòwé kan sí mi tí kò ní sítáǹbù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ọmọ yín ni.” Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti ń wo aago. Mo gbà á kí ìlà lè rìn. Báyìí ni mo ṣe di alárinà, kò síbi tí mo ti jókòó rò ó. Mò ń gbé ti ọkùnrin lọ, mò ń gbé ti obìnrin bọ̀, mi ò ṣí ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá ń gbà á. Inú mi ń dùn, mi ò kàn jẹ́ kó hàn ni.

Ọ̀rọ̀ ò lè pamọ́ fún bàbá títí. Nígbà tí Onígìtá wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun fẹ́ ọmọ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó fi irin tó fi ń jó òjé sórí ìdúró ẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó ní ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tóun ti ń tú ẹ̀rọ àwọn olórin palẹ̀, pé òun mọ ohun tó wà nínú wọn, ìyẹn náà sì ni pé kò sóhun kankan nínú wọn.

“Ẹni tó jẹ́ àpótí méje ló ń bá a fọhùn,” ó ní, “tó bá di ọjọ́ tí iná lọ nílé ẹ̀, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀?”

Onígìtá ní ohùn òun ò sí nínú àpótí. Ó ní ọmọ bàbá gan-an ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa, wọ́n máa dán an wò. Gìtá òun kan wà lára ògiri pálọ̀, ámpù kékeré kan náà wà tóun fọwọ́ ara òun kàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ní ọ̀sán Sọ́ńdè, kí ọkùnrin náà wá lọ́wọ́ òfìfo, kó fi méjèèjì kọrin kan fún òun. Tóun bá gbọ́ èèyàn nínú ẹ̀, òun á ní kó lọ pe àwọn òbí ẹ̀ wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lòun gbọ́, kó má dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun mọ́. Kí oṣù mẹ́ta ọ̀hún tó pé, kó má tẹ ṣọ́ọ̀bù òun rárá, kó má sì fojú kan ọmọ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ tán, mo ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kọ́ nìyí. Ó ní òun ò gbọ́, òun ò gbà.

Ibi tí tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun, ó ń fi àwọn onígìtá òde òní ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní wọn ò níka, pé okùn bí irun orí ni wọ́n ń lò kó lè rọrùn fún wọn. Ó ní okùn tó nípọn, tí ìka ń bá jà, òun ló ń lẹ́ran lóhùn. Nígbà tí Onígìtá wá sí káńtà lọ́sẹ̀ yẹn, mo sọ ọ́ fún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ó na ọwọ́ òsì sí mi. Orí ìka mẹ́ta ti bó, ó ti jiná, ó tún ti le koko. Ó ti bọ́ okùn tínrín kúrò lára gìtá ẹ̀, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló fi ń bá èyí tó nípọn jùlọ jà. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún Oníwáyà, pé ó wu òun kó jẹ́ etí ẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ. Mo ní ìyẹn ò kàn mí. Mo ti mú lẹ́tà, mo ti fi òǹtẹ̀ lù ú, ẹ̀yìn ìyẹn, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ọmọ náà ò rí ọwọ́ ọkùnrin ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ tó ń rántí ni ti ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, lórí gìtá tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, tí okùn ẹ̀ rọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé gìtá bàbá ẹ̀ kúrò lára ògiri láti nu eruku ara ẹ̀. Ó fìka ti okùn ẹ̀ sókè wò, bí àwọn oníbúlúùsì ṣe máa ń tì í kí ohùn lè gòkè bí ẹni ń sunkún. Ó ní ìka òun fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ó ro bí ọkùnrin náà ṣe máa jókòó síwájú bàbá òun, tí yóò máa ti okùn tí okùn ò ní lọ. Ló bá tú gbogbo ẹ̀, ó so okùn tínrín mọ́ ọn, ó gé ìdí ẹ̀ wínníwínní bó ṣe máa ń gé wáyà, ó gbé gìtá kọ́ síbi tó wà. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ohun tí ìka bá mọ̀ ni kí wọ́n fún ìka, ìfẹ́ ò jẹ́ kó rántí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó di ojú. Onígìtá gbé gìtá sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹ̀ wà níbi tó yẹ, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi ti ń balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti okùn àkọ́kọ́ sókè, ohùn náà sì fò kọjá ibi tó ń lọ. Kódà èmi gbọ́ pé ó ṣì í. Ó tún tì í, ó tún fò kọjá. Ó dúró, ó wo orí gìtá níbi tí wọ́n so okùn sí, ó wo bí wọ́n ṣe gé ìdí ẹ̀. Ó gbójú sókè wo Oníwáyà. Ọmọ náà ti sorí kọ́. Ọkùnrin náà ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ìka tí oṣù mẹ́ta ti sọ di irin ò lè rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ohùn tó tẹ̀ ló ń gòkè jù, tó ń ha, tí kò lẹ́ran lára.

“Ó tó,” ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó la ojú. “Ṣé nǹkan kan wà tó o fẹ́ sọ?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Mo ti gbọ́ ọ.”

Onígìtá dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó jáde. Mi ò rí i níwájú káńtà mọ́. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ní ìlú mìíràn ti gbà á. Lẹ́tà kankan ò wá. Mo wò ó nínú àpò gbogbo fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, èmi tí mi ò kì í wo nǹkan oníǹkan.

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Àwọn ẹbí ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ wá tọrọ Oníwáyà, ó ní òun ò fẹ́. Nígbà tí bàbá ẹ̀ béèrè ìdí ẹ̀, ó fa ámpù kan mọ́ra, ó ń tú u. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín tó bá yẹ kó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló ń rù. Lọ́jọ́ kan ó bá mi ká aṣọ lórí okùn nílé mi, ó kàn dúró, ó di aṣọ kan mú, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní òun lòun pààrọ̀ okùn. Ó ní ọkùnrin náà mọ̀, ó rí i, ó sì dákẹ́ kí ojú má bàa ti òun lójú bàbá òun. Ó ní òun jókòó síbẹ̀, òun náà dákẹ́, òun jẹ́ kó lọ. Ojú wo lòun fẹ́ fi kọ lẹ́tà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé e ni ìdí tí okùn tínrín fi da ọkùnrin náà láàmú. Mo sọ fún un. Mo sọ nípa okùn tó nípọn àti ìka tó bó, mo sì sọ pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún un, èmi náà ni mo pa á mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn fún mi.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló bá bàbá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, èmi ni mo pààrọ̀ okùn gìtá yín kó tó wá kọ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè níbi tó ti ń jó wáyà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòun ti gbé gìtá náà sọ̀ kalẹ̀ tóun sì rí i. Ọmọ náà béèrè pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún odidi oṣù mẹ́wàá.

“Èmi kọ́ ni mò ń fẹ́ ọkùnrin náà,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ò lè sọ fún mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè sọ ọ́ fún ara yín.” Ó pa irin náà. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní inú òun náà ò dùn láti ìgbà náà, pé ìjókòó òun lójoojúmọ́ níwájú ọmọ òun tó ń rù ò rọrùn fún òun. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé kó wá.

Lẹ́tà tí mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Onígìtá dé sí ṣọ́ọ̀bù, kò mú gìtá dání. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní àga. Ó sọ gbogbo ohun tó ti mọ̀. Ó ní òun ti ṣi ẹjọ́ ẹ̀ dá, pé ẹni tó lè gbà kí wọ́n pe òun ní aláìmọ̀kan kí ojú má bàa ti ọmọbìnrin kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ fọmọ fún. Ó ní kó lọ pe àwọn òbí ẹ̀ wá. Oníwáyà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ẹni mímọ́.

Gbogbo ẹ̀ ti parí. Ó kàn kù kí ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó ń fi ìka kan pa ìka kejì.

“Ẹ má bínú, sà,” ó ní. “Kì í ṣe torí ọmọ yín ni mo ṣe dákẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló sọ.

Ó ní òun ti sọ fún bàbá pé ohùn òun ò sí nínú ẹ̀rọ. Tóun bá ní okùn ló ba òun jẹ́, bàbá yóò ní ṣó o rí i, ohùn ẹ, inú okùn ló wà. Ó ní òun ò lè fara dà á kí bàbá borí. Ó ní òun rí ọmọ náà tó sorí kọ́, òun mọ̀ pé ó ń jìyà, àmọ́ àríyànjiyàn yẹn lòun ń rò. Ó ní òun ti kọ́ ọ láti ìgbà náà pé ìka lágbára, okùn náà lágbára, pé kò sí èyí tó ń dá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kàkà kóun gbà, ó yá òun lára kóun pàdánù ẹni tóun fẹ́ràn.

“Mi ò lè fi irọ́ yẹn wọlé yín,” ó ní.

Ní tèmi, mo gbà pé ó ti ba ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀, ó ní, “O gbọ́ ọ. Mi ò ní gbà á fún ẹ, mi ò sì ní kọ̀ ọ́ fún ẹ.”

Ojú Oníwáyà ti yí padà, kò wo ọkùnrin náà bí ẹni mímọ́ mọ́. Mo rí i pé ó dùn ún, ó dùn ún gidi. Oṣù mẹ́wàá ló fi fẹ́ràn ẹni tó dákẹ́ nítorí òun, ẹni náà ò sì sí níbì kankan. Onígìtá ti dìde, ó ti fẹ́ máa lọ.

“Ẹ jókòó,” ọmọ náà sọ. “Ká ní torí mi lẹ ṣe dákẹ́ ni, mo máa fẹ́ yín, màá sì máa kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí tí màá fi kú. Ó ti ń rẹ̀ mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Agbéraga ni yín. Èmi náà, ojo ni mí. Irú wa lè jọ gbé ilé.”

Ọkùnrin náà jókòó. Omi lé sí i lójú, kò sì nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé irin ẹ̀ tó ti tutù, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Oníwáyà yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi kọ̀wé sáwọn òbí wọn.”

Mo ní kó sọ ohun tó fẹ́ kí n kọ.